Ṣé o mọ̀? Eré sísá àwọn obìnrin kò bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìdíje Òlíńpíìkì ti 1928 ní Amsterdam ló kọ́kọ́ gbé àwọn obìnrin tó ń sáré jáde fún aráyé, nígbà tí Betty Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà ẹni ọdún 16, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.2 gba góòlù eré 100 mítà. Ṣùgbọ́n láti 1921 ni àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè mélòó kan ti péjọ díje ní Monte Carlo. Ní oṣù kẹjọ 1922, Alice Milliat, obìnrin ilẹ̀ Faransé, kó orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ sí Paris, nǹkan bí 20,000 èèyàn ló sì wá wòran.

A lè sọ pé Òlíńpíìkì ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó kéré tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé pàṣípààrọ̀ ni: Milliat gbà láti yọ orúkọ Òlíńpíìkì kúrò lára ìdíje tirẹ̀ kí wọ́n tó fàyè gba obìnrin. Kí ni wọ́n sì fún wọn? Ìdíje márùn-ún péré, nígbà tí ti Paris jẹ́ mọ́kànlá! Ó dun àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọn kò yọjú sí eré sísá náà rárá. Lẹ́yìn Amsterdam, wọ́n tún yọ eré 800 mítà kúrò, wọ́n ní agbára obìnrin kò ká a. 1960 ló tó padà.