Iṣan Wo Ni Dókítà Fẹ́ Mú?

Bí dókítà bá sọ fún àgbàlagbà kan pé, "Bàbá, a máa mú iṣan kan lẹ́sẹ̀ yín, a ó fi tún ọkàn yín ṣe," ohun tí bàbá gbọ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí dókítà sọ. Nínú èdè wa, iṣan ni okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan náà ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ní "iṣan ẹsẹ̀ ń fà mí" kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rárá. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí bàbá bá béèrè pé, "Tí ẹ bá mú iṣan ẹsẹ̀ mi, kí ni n ó fi máa rìn?" Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní béèrè. Á kàn kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ ni.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa tí à ń kọ́ nípa èdè ni wọ́n sábà máa ń tì síwájú nínú ẹbí pé ká wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹni tí kò bá sì lóye iṣẹ́ kan kò lè túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ṣùgbọ́n òun náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ ló ń gbé e wá fún un. Tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú wọn, ọ̀nà á fún. Àyà lè máa dun onítọ̀hún bó bá ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀, bí ọ̀nà bá sì dí pátápátá, apá kan nínú ọkàn lè kú.

Nínú irú iṣẹ́ abẹ tí à ń sọ yìí, àwọn dókítà kì í tú ibi tó dí. Wọ́n á mú iṣan mìíràn, wọ́n á rán orí kan mọ́ iṣan ńlá tó jáde láti inú ọkàn, wọ́n á sì rán orí kejì mọ́ iwájú ibi tó dí. Ẹ̀jẹ̀ á wá gba ẹ̀bùrú, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí títì bá dí. René Favaloro, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ló sọ fífi iṣan ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí di ohun tí ayé mọ̀, láti ọdún 1967, nígbà tó wà ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ní iṣan àlọ, kí n sì pe èyí tó ń gbé e padà ní iṣan àbọ̀. Iṣan àbọ̀ tó gùn jù lọ nínú ara wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀, láti ibi kókósẹ̀ ní ìhà inú títí dé òkè itan. Òun ni wọ́n sábà máa ń mú. Àwọn iṣan àbọ̀ mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ láàárín ẹran ẹsẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ padà. Tí a bá mú èyí tó wà lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ lè wú fún ìgbà díẹ̀, ara ibẹ̀ sì lè kú tipiri, ṣùgbọ́n okùn tí a fi ń rìn kò sí nínú ohun tí wọ́n mú. Ìdáhùn ìbéèrè bàbá nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà. Inú iṣan àbọ̀ ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yí padà sísàlẹ̀. Nítorí èyí, bí wọ́n bá ń rán an mọ́ ọkàn, wọ́n sábà máa ń dorí rẹ̀ kodò, kí ilẹ̀kùn má bàa dínà ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà mú un

Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́: wọ́n á la awọ ẹsẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀nà iṣan náà. Dókítà ń rí gbogbo ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ gùn, ó lè pẹ́ kó tó jinná, pàápàá lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á la ojú kékeré kan, ó sábà máa ń jẹ́ nítòsí orúnkún, wọ́n á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ gáàsì sí i kí àyè lè wà, wọ́n á sì já iṣan náà kúrò lára àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan kó àwọn dókítà láyà sókè pé irú iṣan bẹ́ẹ̀ tètè ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2019, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi kèké pín ènìyàn 1,150 sí ọ̀nà méjèèjì ní ilé ìwòsàn 16. Kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú bí ọkàn wọn ṣe ṣe sí. Ní ti ẹsẹ̀, ọgbẹ́ tó kẹ̀ jẹ́ 3.1% lára àwọn tí wọ́n là gbọọrọ, ó sì jẹ́ 1.4% lára àwọn tí wọ́n lo kámẹ́rà fún. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló sì ṣe é níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá láti ìlú Örebro ní Sweden, lọ́wọ́ Domingos Souza. Iṣan ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú. Tí wọ́n bá fa iṣan jù, tàbí tí wọ́n fi agbára ti omi sí i láti wò ó bóyá ó ń jò, awọ yẹn lè ya. Nítorí náà, Souza ń mú iṣan pẹ̀lú ọ̀rá tó yí i ká, kì í sì í fẹ̀ ẹ́ tipátipá. Àwọn ìwádìí kan gbè é lẹ́yìn, àwọn mìíràn kò rí èrè púpọ̀ níbẹ̀, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yọni lẹ́nu ju ti àwọn yòókù lọ.

Wọ́n tún máa ń lo iṣan àlọ tó wà lẹ́yìn egungun àyà, tàbí ti ọrùn ọwọ́. Ti àyà yìí ló ń pẹ́ jù: lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣì máa ń ṣí sílẹ̀, nígbà tí ti ẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ibi tó dí bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ṣì máa ń nílò ti ẹsẹ̀.

Bí a ó ṣe túmọ̀ rẹ̀

Mi ò rò pé ó yẹ ká ju ọ̀rọ̀ náà "iṣan" nù. Ẹ kàn máa fi iṣẹ́ rẹ̀ kún un. Ẹ sọ pé "ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tó wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń rìn." Gbólóhùn kan péré ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bá aláìsàn béèrè lọ́wọ́ dókítà: ẹsẹ̀ wo ni? Ọ̀nà wo ni ẹ máa gbà mú un? Báwo ni a ó ṣe tọ́jú ojú ọgbẹ́ nílé? Kí ẹ sì dúró kí ẹ gbọ́ ìdáhùn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.