Ẹni Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ìbọn

Ní Kugbo, lójú ọ̀nà tí ó ti Àbújá lọ sí Keffi, oníbàárà tí ojú rẹ̀ là kì í sanwó ibùsùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbá pákó rẹ̀ wò. Á bi káfíńtà bóyá igi náà ti gbẹ, á yẹ ojú ìsopọ̀ wò, á sì yọjú wo ẹ̀yìn tí ọ̀dà kò dé. Irú ojú ìyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá òbí dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó bá di ọ̀rọ̀ ṣakabùlà àkọ́kọ́ fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ. Wọ́n á ní kí ìbọn gùn, kí ó dún kíkan, kí ó lè gbé àgbọ̀nrín ṣubú láti òkèèrè. Ẹran ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí wà fún. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni ohun tí ìbọn náà lè ṣe fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin pàápàá mú ẹni náà ṣáájú. Òfin Ìbọn ti 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, èyí tí ará ìlú lè ní bó bá gba ìwé àṣẹ, bí ìbọn oníkátíríìjì, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu. Ìpín kẹta yìí ni ṣakabùlà wà, pẹ̀lú ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù. Òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun àjogúnbá bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà ohun tó de ará Kugbo ló de ará Ṣakí. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gba ìwé náà. Bákan náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Kò síbi tí a ti mẹ́nu kan ẹran nínú gbogbo èyí. Ojú, ọpọlọ àti ìwà ẹni tó di ìbọn mú ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí kò tíì tó 17 lè tẹ̀ lé àgbà lọ sígbó, kó gbé àpò, kó kọ́ bí a ṣe ń mọ ipasẹ̀ ẹran. Ìbọn ṣì jìnnà sí i.

Ìlépa òkèèrè ló ń ṣi òbí lọ́nà jù. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán ni. Kò ní ìlà lílọ́ tí ń mú ọta yí bí òkòtó bó ti ń lọ. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa nìkan ló fà á. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ń fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí jà. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé Brussels ti 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fìmọ̀ ṣọ̀kan láti dí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́nà àtiwọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún olókùúta tí inú rẹ̀ dán. Èyí ló sì kù sọ́wọ́ ọdẹ. Bó ti wù kí irú ìbọn yìí gùn tó, bí ẹran bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 40, oríire ni ọdẹ ń lépa. Gígùn tí ọwọ́ ọmọ kò ká á sì ń fa ẹnu ìbọn wálẹ̀, á sì máa kọ́ igi bí ọmọ náà ti ń rìn. Èyí tó kúrú, tó fúyẹ́, tí èjìká rẹ̀ gbà láìna ọrùn, ni tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni agbára ọ̀pá náà. Ní Birmingham, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n tà fún àwọn baba wa ti wá, wọ́n dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní 1813 nítorí ọ̀pá tí ń bẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Páìpù omi ni àwọn alágbẹ̀dẹ kan ń lò lónìí. Omi ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún iná etù. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ nílẹ̀ yìí ti kọ̀wé nípa ọdẹ tí ìbọn ara rẹ̀ gé ní ìka tàbí tó bà lójú jẹ́. Ọ̀pá tó dára pàápàá kò ní gba etù tí wọ́n tú jáde látinú kátíríìjì, nítorí agbára ìyẹn ju ti etù dúdú lọ fíìfíì.

Ìkì ẹ̀ẹ̀mejì náà a máa bẹ́ ọ̀pá, ìgbàgbé ló sì ń bí i. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà ní 1863, wọ́n ṣa ìbọn tó lé ní 27,000 jọ lójú ogun. Nǹkan bí 24,000 ṣì ní etù nínú. Bí ìdajì ìwọ̀nyí ni wọ́n ti ki lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí 6,000 sì gba ìkì mẹ́ta títí dé mẹ́wàá. Ọmọ ogun tí a kọ́ ni wọ́n. Nítorí náà ni kí ọ̀pá tí a fi ń ti etù wọlé ní ìlà méjì: ọ̀kan fún ìgbà tí inú ìbọn ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí a ki í lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ á tì í wọlé, á wo ìlà, á sì mọ̀. Àwọn àgbà tó béèrè pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun, mọ̀ pé èrò lásán pé ìbọn ṣófo kò tó.

Wọ́n á ní àwọn baba wa kò yẹ gbogbo èyí wò, wọ́n sì pẹ́ láyé. Àwọn tó pẹ́ la ń rántí; ẹni tí ìbọn gé lọ́wọ́ kò dàgbà di olórí ọdẹ tí a ó máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ìbéèrè kejì lágbára ju èyí lọ: kí ló dé tí a kò ra oníkátíríìjì, tí a lè ṣí ìdí rẹ̀ wò? Òótọ́ ni, àǹfààní ńlá nìyẹn, ẹni tí apá rẹ̀ ká owó àti ìwé àṣẹ rẹ̀ kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà lọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lè tó, ìyìn ẹyọ kan tí ó ní sì ń kọ́ ọmọ láti dúró títí ẹran yóò fi hàn kedere, kó má yìnbọn lu ìgbẹ́ tó mì.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí a ní kí alágbẹ̀dẹ tó gbàṣẹ de ìbọn náà mọ́ kùkùté, kó ki í níwọ̀n, kó sì fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Bó bá kọ̀, kí ìbọn náà máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀.