Wàrà, Ẹran Màlúù àti Indomie: Bí a Ṣe Lè Sè É Nílé Láìséwu

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ìdílé ní agbègbè Òkè-Ògùn

Láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, títí dé Ṣakí àti Ìgbòho, wàrà àti ẹran màlúù kì í ṣe ohun tí à ń wá tì. Àwọn ọmọ wa ti ń rí Indomie tí wọ́n kó ẹran àti wàrà lé, tí wọ́n yan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n sì ń bèèrè fún un. Oúnjẹ tó dáa ni. Ẹran àti wàrà ń mú ọmọ dàgbà. Wàrà tún ń mú egungun le. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni iye wákàtí tí wọ́n lò kí wọ́n tó dé orí iná wa, àti iyọ̀ tí a óò fi sí i.

Wàrà tí ẹ ó rà

Àwọn ìyá Fúlàní máa ń gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fi omi ewé bomubomu sí i kó lè dì, wọ́n á sì kó o sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro dànù. Iná yẹn ṣe pàtàkì. Mílíìkì tí kò gbóná dáadáa lè kó ikọ́ ife ran èèyàn, tàbí àrùn brucellosis, tó ń mú kí ibà máa lọ kó máa bọ̀, kí oríkèé sì máa roni. Ṣùgbọ́n bí wàrà bá ti kúrò lórí iná, ọwọ́, omi àti eṣinṣin tún lè kó kòkòrò bá a.

- Àárọ̀ ni kí ẹ rà á, lọ́wọ́ ẹni tó bo igbá rẹ̀.
- Ẹ má ra èyí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń rùn, tàbí tó ti hu èbù. Wàrà pupa kò fi dandan bàjẹ́: àwọn kan máa ń fi poroporo ọkà bàbà pa á láró, pàápàá ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá.
- Bí ẹ bá délé, ẹ tún un bọ̀ nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹran

Ẹran tí dókítà ẹranko ti yẹ̀ wò ni kí ẹ rà. Àwọn òyìnbó máa ń fi bacon sí irú oúnjẹ yìí, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ilé níbí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì pọn dandan. Ní 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ tó láti mú un ta sánsán.

Ohun èlò (èèyàn 5)

- Indomie kékeré 4
- Ẹran màlúù tí kò lọ́ràá, gíráàmù 500, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́
- Wàrà, gíráàmù 300
- Ẹyin 2 àti mílíìkì inú agolo, ìdajì ife
- Tòmátì 4, tàtàṣé 1, àlùbọ́sà 1, ata rodo díẹ̀
- Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan
- Òróró, ṣíbí ìjẹun 2, àti ẹja gbígbẹ díẹ̀

Bí a ṣe ń sè é

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ má fi gé wàrà kí ẹ tó fọ̀ wọ́n.
2. Ẹ fi òróró àti àlùbọ́sà yí ẹran náà títí kò fi ní pupa nínú mọ́. Ẹ da ata àti tòmátì lílọ̀, ẹja gbígbẹ àti èròjà inú ọ̀rá Indomie kan sí i, kó sè títí ẹran á fi rọ̀.
3. Ẹ bọ Indomie fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀ nù.
4. Wàrà wa kì í yọ́ lórí iná bíi ti òyìnbó. Nítorí náà, ẹ rún ìdajì rẹ̀, kí ẹ pò ó mọ́ ẹyin àti mílíìkì. Ẹ gé ìyókù wẹ́wẹ́.
5. Ẹ fi òróró pa inú ìkòkò. Ẹ kó Indomie, ẹran àti ẹ̀fọ́ sí i, ẹ da àpòpọ̀ ẹyin lé e, kí ẹ sì to wàrà gígé sójú rẹ̀.
6. Ẹ yan án nínú ófùn. Bí kò bá sí ófùn, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ẹ gbé e kaná, kí ẹ gbé ìkòkò oúnjẹ sórí iyanrìn náà. Ẹ dé e, kí ẹ kó ẹyin iná lé ọmọrí. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹyin á ti dì, ojú rẹ̀ á sì ti pọ́n.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná èédú. Èéfín rẹ̀ nínú yàrá títì lè pani.

Iyọ̀

Iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ pọ̀ nínú èròjà inú ọ̀rá Indomie. Nínú ọ̀rá èròjà mẹ́rin yẹn, ẹ lo ẹyọ kan péré, ẹ má sì fi máàgì kún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré.

Àjẹkù

Oúnjẹ yìí kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 ni. Ibi tí iná mànàmáná kì í dúró, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán. Èyí tí ẹ bá fi sí fíríìjì, ẹ gbé e kaná títí á fi máa yọ ooru kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Bí inú bá dàrú

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi ORS, kí ẹ sì lọ gba oògùn zinc ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó mu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, ẹ má ṣe dá ọmú dúró.