Bakitéríà tó ní súìṣì: ṣé a lè fọkàn tán an?

Ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn lè ṣe súìṣì sínú bakitéríà? Kì í ṣe àlọ́ o. Lọ́dún 2000, Gardner, Cantor àti Collins ní Boston University to jíìnì méjì pọ̀ sínú E. coli. Ọ̀kan ń pa èkejì lẹ́nu mọ́, èkejì náà ń pa á lẹ́nu mọ́. Tí kẹ́míkà tàbí ooru bá ti ọ̀kan kúrò, èkejì á gbapò, á sì dúró bẹ́ẹ̀.

Kí ló kàn wá ní Alimosho? Omi ni. Ní Pleasure tí mò ń gbé, omi bọ́họ̀ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Lápá Igando, ààtàn Solous wà níbẹ̀, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì lè wọ inú ilẹ̀ lọ. Omi tó mọ́ gaara lójú lè ní òjé nínú. Bakitéríà tó bá mọ májèlé lè kìlọ̀ fún wa. Lọ́dún 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh ṣe irú rẹ̀ fún arsenic, torí omi kànga Bangladesh.

Àmọ́ wàhálà wà. Ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ ó rí i pé iná gílóòbù á rẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni inú sẹ́ẹ̀lì rí. Ríbósómù ló ń bá gbogbo jíìnì ṣe purotéènì, wọn ò sì pọ̀ títí láé. Tí súìṣì wa bá gbà jù nínú wọn, iṣẹ́ yòókù á fà sẹ́yìn, bakitéríà ò ní dàgbà kíákíá. Èyí tí súìṣì rẹ̀ bá wá bàjẹ́ á máa bí sí i ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́dún 2016, Voigt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT gbé Cello jáde. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, òun á kọ DNA rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún fi DNA pààlà sáàárín àwọn jíìnì, kí ọ̀kan má baà da èkejì láàmú. Nínú sẹ́kíìtì 60 tí wọ́n ṣe, 45 ló ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rán an láìsí àtúnṣe.

Ìyẹn ga. Ṣùgbọ́n 15 tó kù ni mò ń rò. Bakitéríà tó bá dákẹ́ lórí omi olójèé burú ju àìní ọ̀kankan lọ, torí ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì máa mu ún. Torí náà, tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé àdúgbò yín, ẹ béèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ló ti parọ́? Kó tó dìgbà náà, ẹ gbé omi yín lọ sí láàbù.