Ìtàkùn tó gun ògiri ilé yín n'Ílùú Ọba: Ẹ má kánjú fà á tu

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ra ilé sí ìlú London ni ó bá ìtàkùn kan lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí ó gùn ún láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí ewé rẹ̀ kì í gbẹ nígbà òtútù. Áífì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nítorí pé àfòmọ́ ni a mọ̀ nílé, a ti gbà pé ohunkóhun tí ó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń mu. Ó di kí a wá àdá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdá sílẹ̀ ná. Áífì kì í ṣe àfòmọ́ o. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò tí ó fi ń jẹun wà; àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ó fi di ògiri mú, ìdìmú lásán ni wọ́n wà fún. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford, tí Heather Viles ṣáájú wọn, fi hàn pé ògiri tí áífì bò kì í gbóná jù lọ́sàn-án, kì í sì í tutù jù lóru bí èyí tí ó wà níhòòhò, èyí tí kì í jẹ́ kí yìnyín tètè la òkúta rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Níbi tí símẹ́ǹtì àárín bíríkì bá ti ń ṣí, áífì yóò wọlé, yóò sì máa fẹ ibẹ̀ lójú. Ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìtàkùn.

Bí ògiri bá le, ẹ gbà á láàyè, kí ẹ sì máa gé e kí ó má baà dé ojú fèrèsé, abẹ́ òrùlé tàbí gọ́tà tí ń gba omi ọ̀ṣọ̀rọ̀. Oṣù kejì dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹjọ ni ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, òfin ọdún 1981 wọn kò sì fàyè gba kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oje rẹ̀ a máa yún ni lára. Èso dúdú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún ẹyẹ, májèlé ni fún ọmọ yín.

Bí ògiri bá ti ń là ńkọ́? Ẹni tí ó bá fà á ní tútù, símẹ́ǹtì àti bíríkì ni yóò bá a wá. Ẹ gé e nídìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó gbẹ, kí ẹ tó rọra yọ ọ́, kí ẹ wá pe bíríkìlà.

Àwọn ará wa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀: láti ọdún 2010 ni títà rẹ̀ ti di èèwọ̀ níbẹ̀, nítorí ó ti ya wọ inú igbó, ó ń bo igi mọ́lẹ̀.