Àtọ̀gbẹ àti Ìwọ̀n Òkèlè

Bí ẹnìkan bá ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ìròyìn àtọ̀gbẹ, àwọn ará ilé á ní kó yéé jẹ ẹ̀bà àti iyán, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kó máa jẹ. Wọn á wá ro àmàlà náà kún abọ́ bámúbámú. Orúkọ oúnjẹ ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò dín in kù, bẹ́ẹ̀ nídìí ìwọ̀n gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Gààrí, èlùbọ́, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú pàápàá, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ara. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn ń pèsè, ló ń jẹ́ kí ṣúgà yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú iṣan, kó di agbára. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ara ò gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu bó ṣe yẹ mọ́. Bó bá yá, èyí tí ara ń pèsè náà á máa dín kù. Ṣúgà á wá máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL lójú ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ò ní lè dá gbogbo rẹ̀ dúró mọ́, á máa bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń bo ìtọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tó máa rí èèrà ti pẹ́ jù. Bí àyẹ̀wò òwúrọ̀, láì tíì jẹun, bá ti tó 126 lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ti wà níbẹ̀.

Ẹ wo oúnjẹ ọ̀sán kan. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí gbúre tí epo ò léfòó lórí rẹ̀. Kí ẹja, ẹyin tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Òkèlè ló ni ìdá kan tó kù, kó mọ níwọ̀n ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Fáíbà inú ẹ̀fọ́ máa ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọnú ẹ̀jẹ̀, pàápàá béèyàn bá kọ́kọ́ jẹ lára ẹ̀fọ́ àti ẹja kó tó bu òkèlè. Ẹ ṣọ́ra fún ewédú lásán: ó máa ń mú òkèlè yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kéèyàn tó mọ̀, odidi abọ́ ti wọlé. Béèyàn bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, iṣan á lo lára ṣúgà náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni málítì tí wọ́n fi ń kí aláìsàn. Wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀fọ́ kankan tó máa dá a dúró lọ́nà. Omi ewúro tí àwọn kan ń mu náà ò lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ glibenclamide, tí kò wá jẹun lásìkò, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀. Á máa làágùn, ara á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè dàrú. Bí ẹ̀rọ bá fi ohun tó kéré sí 70 hàn, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi fún un kíá, kẹ́ ẹ tún yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.