Kò nílé tó ń sùn sí: ṣé ó lè dìbò l'Éjìgbò?

Ẹ ki íápíìsì bọ etí. Ọ̀rọ̀ òní ò gùn, ṣùgbọ́n ó nípọn.

Ẹni tó ń sùn lọ́jà, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, tí kò ní yàrá, tí kò ní lándílọ́ọ̀dù, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba káàdì ìdìbò? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yára dáhùn pé rárá, nítorí wọ́n ti rí ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè àdírẹ́sì. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ó lè gbà á. Wàhálà wà níbẹ̀, a máa dé orí ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin ná. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 77 àti 117, sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tó ń gbé Nàìjíríà. Wọn ò dárúkọ ilé kankan níbẹ̀. Òfin Ìdìbò ti 2022 wá là á mọ́lẹ̀ ní abala 12: kí ẹni náà máa gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí wọ́ọ̀dù tó ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. "Tàbí" ni wọ́n lò. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ti tó.

Ẹ wá mú un wá sí Èjìgbò. Alábàárù tó ń ru ẹrù lọ́jà, tó ń sùn sórí tábìlì aláta nígbà tí ọjà bá tú, iṣẹ́ ẹ̀ wà l'Éjìgbò, ó ti wọlé. Ìyá tí owó ilé há mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀ síta, tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù yìí tó sì tún máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ó ṣì ń gbé Èjìgbò. Ibi tó ń sùn ló ń yí padà, ìlú ò yí.

Ẹ̀kẹta yẹn, ọmọ ibẹ̀, ló wù mí jù. Àwa Yorùbá, tá a bá fẹ́ mọ èèyàn, "Ọmọ ilé wo ni ẹ́?" là ń bi í. A kì í bi í pé yàrá mélòó ló ní. Èèyàn lè jẹ́ ọmọ agboolé ńlá kó má sì níbi tó máa tẹ́ ẹní sí. Ogún lè dìjà, òrùlé lè wó, wọ́n sì lè ti ta apá tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀. Lójú òfin ìdìbò, ọmọ Èjìgbò ṣì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ti Abidjan bọ̀ gan-an. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé Abidjan ti wọ ìlú náà lára. Bọ́ọ̀sì ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan tààrà, á gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ẹ sì lè máa ná ọjà kí ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà tí ìjà ìdìbò tún dá a rú láti ìparí 2010 wọ 2011, àwọn ará wa kan sá padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ọ̀hún ni wọ́n bí i sí. Ilé tí bàbá ń ròyìn fún un láti kékeré, ìgbà tó máa débẹ̀, ó ti di àlàpà.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Abala 25 ìwé òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè, tí ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà láti ọjọ́ ìbí. Ẹnikẹ́ni ò lè tìtorí pé Yorùbá ẹnu ẹ̀ ń ta kókó lé e padà. Ẹ tún wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Abidjan, tó ń gbé inú ẹ̀, kò lè dìbò Nàìjíríà láti ibẹ̀, nítorí gbólóhùn "tó ń gbé Nàìjíríà" yẹn. Àbúrò ẹ̀ tó padà wálé, tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ẹbí, lè dìbò.

Ó dáa, níbo ni wàhálà wá wà? Ìwé ni. Abala 10 òfin ìdìbò ti 2022 ní kéèyàn wá fúnra ẹ̀, kó mú ìwé ọjọ́ ìbí, páàsípọ́ọ̀tù, káàdì ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ dání, tàbí ìwé mìíràn tó lè fi hàn pé òun ni, ọjọ́ orí ẹ̀ pé, ọmọ Nàìjíríà sì ni. Ẹni tó ń sùn níta, báàgì ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀. Òjò kan, olè kan, ìwé ti lọ nìyẹn. NIN ni kó kọ́kọ́ bá a wá. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá sì ti ṣe é tẹ́lẹ̀, bébà ló sọnù, nọ́ńbà ò sọnù, ìtẹ̀ka ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ NIMC. Ti ìwé ọjọ́ ìbí, àjọ ètò ìkànìyàn ló ń rí sí i.

Káàdì fúnra ẹ̀ tún ni. Ṣáájú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 16 oṣù Keje 2022, INEC ní 1,955,657 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n 1,479,595 ló gba PVC. Ẹ yọ ọ́ wò: ó lé ní 476,000 káàdì tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà. N ò sọ pé aláìnílé ni gbogbo wọn o, òkú wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣí lọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹni tó ta fóònù ẹ̀ jẹun lẹ́yìn tó forúkọ sílẹ̀. Ta ló máa sọ fún un pé káàdì ti dé? Ẹnikẹ́ni ò sì lè bá a gbà á, òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọjú.

Ìmọ̀ràn tèmi lórí àdírẹ́sì ni pé kó má purọ́. Kó sọ ibi tó máa ń wà gan-an, tàbí kó lo ibi iṣẹ́ ẹ̀, tàbí agboolé ẹ̀. Ibùdó ìdìbò tó sì máa mú, kó mú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè gbé e dé, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ BVAS ò ní béèrè ilé lọ́wọ́ ẹ̀. Ìka tàbí ojú ẹ̀ ló máa yẹ̀ wò.

Tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbòmíì, ká ní Òṣogbo tàbí Èkó, kó má tún un ṣe l'Éjìgbò. Ẹ̀ṣẹ̀ ni; lábẹ́ òfin 2022, owó ìtanràn lè tó 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún kan. Ìṣípòpadà ni kó béèrè fún lọ́dọ̀ INEC, kí ìdìbò tó sún mọ́lé. Ẹni tí ebi ń pa náà sì ni àwọn tó ń ra káàdì máa ń wá. Títà ẹ̀ àti ríra ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí 500,000 náírà ni òfin 2022 fi lé e nígbà náà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti London, ti yín tún yàtọ̀. Láti ìgbà òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2000, ẹni tí kò nílé ní Britain lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdúgbò báyìí lòun ti ń lo àkókò jù, kódà kó jẹ́ bẹ́ǹṣì inú páàkì, wọ́n á sì fi ibẹ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù 12. Ọmọ Nàìjíríà tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ pé lè ṣe é, nítorí Commonwealth. L'Amẹ́ríkà, àyè wà lórí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti lè ya máàpù ibi tó ń sùn. Òfin tiwa fẹ̀ tó tiwọn. Fọ́ọ̀mù tó máa sọ ọ́ fún aláìnílé pé òun náà wà nínú ẹ̀ ni a ò ní.

INEC sì lè ṣe irú ẹ̀ tó bá wù wọ́n. Ní 2015, wọ́n ṣètò kí àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno, Adamawa àti Yobe lè dìbò. Abala 24 òfin 2022 náà ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tí ìjàǹbá lé kúrò nílé pàdánù ìbò ẹ̀. Ẹni tí lándílọ́ọ̀dù lé jáde ò sí nínú ìyẹn.

Ohun kan kù. Àwọn kan ń sá fún ọ́fíìsì ìjọba torí wọ́n rò pé ọlọ́pàá lè mú wọn pé wọ́n ń rìn gbéregbère. Wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn yẹn láti 1989. Tí wọ́n bá dá ẹnikẹ́ni padà láìnídìí, agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà fún tálákà ní Legal Aid Council.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù àti dátà, ẹ lè bá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lórí ojú òpó INEC nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ fi nọ́ńbà tó máa wà lórí afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà ta ni. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀, torí ìka tiẹ̀ ló máa tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé owó ọ̀kadà.